Iye Tí Ṣọ́ọ̀ṣì Ń San fún Pásítọ̀ Tó Fẹ́ Fẹ́ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá wa bi pásítọ̀ pé èló ni ṣọ́ọ̀ṣì ń san fún un lóṣù. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló rẹ́rìn-ín tó ní Ọlọ́run ń pèsè.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fẹ́ fẹ́. Ìjọ kékeré kan ní Igbó-Elérin ló ń bójú tó. Èmi ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Okokomaiko látìgbà tí mo ti parí yunifásítì, iṣẹ́ ìránṣọ wọn ló sì ń bọ́ àwa méjèèjì. Tí mo bá ní ẹ̀rù ń bà mí nítorí wọn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ń bà mí nítorí ara mi náà. Mo máa ń ro èwo ló pọ̀ jù títí orí á fi máa fọ́ mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọkùnrin náà. Bàtà rẹ̀ ń dán. Fóònù rẹ̀ dáa ju tèmi lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn ò ṣòro. Gbogbo ẹni tí mo mọ̀ tó ń gba owó oṣù ló máa ń ṣàròyé pé kò tó. Òun kì í ṣàròyé rárá, ìyẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé ìkórè ìjọ wọn, mo rí i níwájú ṣọ́ọ̀bù oníìrẹsì kan lọ́nà Iba, ó ń kó iṣu àti àpò ìrẹsì sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Rìbọ́ọ̀nù pupa tí ẹgbẹ́ obìnrin so mọ́ ẹ̀bùn ìkórè ṣì wà lọ́rùn àpò náà. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù tẹ iṣu kan wò.

"Pásítọ̀, iṣu yín tọdún yìí ti ń rọ̀. Àbí ẹ ti fi àdúrà sè é?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó gba owó, ó sì bá kẹ̀kẹ́ lọ.

Inú mi dùn pé ìfura mi kò já sí asán. Lójú ẹsẹ̀ ni ìdùnnú náà tún bà mí lẹ́rù, torí ìròyìn burúkú ni mo fẹ́ gbé lọ sílé. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé pásítọ̀ ń ta nǹkan Ọlọ́run. Wọn ò tilẹ̀ dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

"Lándílọ́ọ̀dù ẹ̀ kì í gba iṣu," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo bá a wá obìnrin tó ń rà á lọ́wọ́ ẹ̀ yẹn."

Wọ́n wá ṣàlàyé. Olú-ìjọ ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó igbá. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn owó iná àti owó gbọ̀ngàn ni ti pásítọ̀, oṣù mìíràn sì wà tí nǹkan kan kì í ṣẹ́ kù. Àwọn ọmọ ìjọ yóò gbé iṣu wá tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n bó bá tọrọ owó, wọ́n á ní ó fẹ́ràn owó.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá.

"Ó ń bẹ̀rù pé Bàbá ò ní gbà. Àwọn àgbà ìjọ náà sì ti ní ìyàwó pásítọ̀ ò gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ gbowó. Mo ní kó sọ fún wọn pé ẹ̀rọ mi ń bá mi bọ̀."

"Àǹtí, ṣé ó ti wá sọ fún wọn?"

Ẹsẹ̀ wọn dúró lórí ẹ̀rọ. "Ó ní òun ṣì ń gbàdúrà sí i."

 Wọ́n wá ní kí n pe Bàbá, kí n ní kí wọ́n má tíì dá ọjọ́ ìgbéyàwó.