Ta Ló Fọwọ́ Kan Ife Yìí?

Lánàá, nínú ilé wa ní Arcella, lókè òkun níbí, ọmọ ọmọ mi ń wo fíìmù àwọn ará England àtijọ́ kan. Wọ́n ti pa ọkùnrin kan, ọlọ́pàá ń wá ẹni tó pa á. Bí mo ṣe gbọ́ tí ṣíbí ń dún nínú ife tíì, ọkàn mi lọ sílé. "Nonna, è stata la moglie," ni ọmọ náà wí ní èdè ibí, pé, ìyá àgbà, ìyàwó ló ṣe é. Mo rẹ́rìn-ín. Èwo nínú àwọn ìyàwó rẹ̀?

Bí àwa náà ṣe béèrè nìyẹn nígbà tí a wà lọ́mọdé nílé ìwé. Lọ́sàn-án Fúráìdé, tíṣà wa máa ń sọ ìtàn irú ìpànìyàn bẹ́ẹ̀ fún wa: ìlú kékeré kan ní England, láyé àwọn bàbá ńlá wa, májèlé nínú tíì. Tíṣà ní ìyàwó kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà ní. A ò gbà. A ní ìyàwó kékeré wà níbì kan tí ọlọ́pàá ò tíì wò. A máa ń fi ìtàn náà ṣeré. Dúpẹ́ ọ̀rẹ́ mi ló ń ṣe ọlọ́pàá, torí bàbá rẹ̀ ní kóòtù òjò bíi ti ọlọ́pàá inú ìtàn náà. Èmi ni òkú, lójoojúmọ́. Màá dùbúlẹ̀ sínú iyanrìn, màá máa jowú kóòtù yẹn.

Ọdún yẹn ni bàbá mi fẹ́ ìyàwó tuntun, tí à ń pè ní Àǹtí. Tíì ọwọ́ Àǹtí nìkan ni bàbá wá ń mu. Màmá mi, tí wọ́n ti ń pò ó tẹ́lẹ̀, á kàn máa gbá ilẹ̀ tó ti mọ́.

Láàárọ̀ Sátidé kan, bàbá mu tíì dé ìdajì, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run wọ́n, wọ́n ń bì. Ará ilé pé jọ. Dúpẹ́ ti wọ kóòtù dé, ó bi àwọn àgbà pé, "Ta ló fọwọ́ kan ife yìí?" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ojú gbogbo wọn lọ sọ́dọ̀ màmá mi. Ẹ̀rù bà mí. Nílùú wa, obìnrin tí wọ́n bá ti fura sí pé ó lo májèlé, títí dórí ọmọ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n á máa nàka sí.

Màmá mi gbé ife náà. "Mò ń jowú, mi ò ní purọ́," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n owú mi kì í wọnú ife." Wọ́n gbé e sẹ́nu. Kí wọ́n tó mu ún tán, Àǹtí gbà á lọ́wọ́ wọn. "Ìyálé mi, ẹ̀yin nìkan kọ́. Èmi ni mo pò ó." Àǹtí mu ìyókù. Àwọn méjèèjì jókòó sórí ẹní kan, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú títí ọ̀sán fi pọ́n. Nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Ìgbà tó yá ni bàbá jẹ́wọ́ pé mọ́ínmọ́ín àná tó ti kan lòun kọ́kọ́ jẹ.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rín àwọn méjèèjì ni mò ń gbọ́ láti ìdáná. Mo gbàgbé kóòtù, àwọn ni mo wá ń jowú. Bí mo bá lọ jókòó tì wọ́n, wọ́n á ní kí n lọ ṣeré.

Àwọn méjèèjì ti lọ sọ́run báyìí. Níbí, kálukú ló ní kọ́kọ́rọ́ àti kíṣìnì tirẹ̀. Mi ò ní orogún, mo sì dúpẹ́. Síbẹ̀ mo ṣì ń jowú màmá mi. Bí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn mí lónìí nínú palazzo yìí, ilé alájà púpọ̀ tí à ń gbé, mi ò mọ ẹni tó máa gba ife lọ́wọ́ mi mu.