Fòsókè Alágbàfọ̀, Ọkùnrin Tó Ní Òun Kọ́ Ni Wàhálà

Nínú gbogbo ohun tí Fòsókè alágbàfọ̀ ṣe láyé, ọjọ́ tó lé ọkọ ìyàwó ni aráyé ò lè gbàgbé. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ ló máa ń ròyìn rẹ̀ jù, wọ́n sì ti ròyìn rẹ̀ débi pé ọmọlanke tó gùn lọ́jọ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọkọ̀ òfúrufú. Ṣùgbọ́n Télọ̀, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan ti Fòsókè, wà níbẹ̀, bó sì ṣe rí gan-an nìyí.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan ni. Fòsókè ń po sítáàṣì lọ́wọ́ nígbà tí géńdé kan já wọ ṣọ́ọ̀bù, ó fa súùtù dúdú kan yọ lórí hángà, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Kò kí ẹnikẹ́ni. Kò wẹ̀yìn. Ó ń sáré bí ẹni tí oyin ń lé.

Fòsókè na ọrùn gba inú ihò tó wà lára ògiri tó pín ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ àti ti Télọ̀. "Wàhálà! Bọ́ síta! Olè ti gbé súùtù oníbàárà!"

Télọ̀ yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu. "Ta lò ń pè ní Wàhálà?"

"Ìwọ ni! Olè ń lọ!"

"Èmi kọ́. Ìwọ ni Wàhálà, èmi ni Sùúrù. Pè mí dáadáa ká tó jọ lé e."

Orí èyí ni wọ́n wà tí olè fi sá dé ìdajì òpópónà. Ìgbà náà ni Fòsókè gun ògiri kúkurú tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó pariwo pé, "Ọlọ́pàá nìyí!", òun tí kò ṣe ọlọ́pàá rí, ó sì fò. Orí ọmọlanke kan tó kó tìmùtìmù ló balẹ̀ sí. Ọmọlanke já mọ́ ẹni tó ń tì í lọ́wọ́, ó forí lé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó kọjá ajá. Ó kọjá kẹ̀kẹ́. Ó kọjá olè fúnra rẹ̀. Nígbà tí olè fi máa dé ìsàlẹ̀, alágbàfọ̀ ti jókòó sórí tìmùtìmù mẹ́fà, ó ń dúró dè é bí ọba tó fẹ́ dájọ́.

"Dúró níbẹ̀! Ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́!"

Géńdé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo ni súùtù! Ìgbéyàwó mi là ń ṣe. Ìyàwó ti ń dúró dè mí láti aago mẹ́sàn-án!"

Fòsókè yẹ kọ́là súùtù wò, ó rí àmì tí òun fúnra rẹ̀ fi òwú pupa rán síbẹ̀ láti fi dá aṣọ ọkọ ìyàwó mọ̀. Ará àdúgbò ti pé lé wọn lórí, ẹ̀rín ti ń kún wọn lẹ́nu. Àsìkò yẹn gan-an ni Télọ̀ dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ṣòkòtò súùtù náà wà léjìká rẹ̀. Ojú ò ti Fòsókè. Ó gba ṣòkòtò, ó nà án sí ọkọ ìyàwó. "O rò pé kí ni mo ń lé ẹ fún? Ṣé ìdajì aṣọ lo fẹ́ wọ̀ lọ gbéyàwó ni?"

Ọjọ́ náà ni wọ́n sọ ọ́ ní Fòsókè. Ọjọ́ náà sì ni Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bi gbogbo ẹni tó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ì báà jẹ́ bọ́tìnnì ni onítọ̀hún wá rà: "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló rántí ṣòkòtò?"

Inú eré kan lórí tẹlifíṣọ̀n ni Sùúrù àti Wàhálà ti wá. Ọlọ́pàá méjì ló wà nínú eré náà, tí ọ̀gá wọn kó sínú mọ́tò kan náà láìbi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́. Ọ̀kan máa ń ka ìwé òfin kó tó kan ilẹ̀kùn. Èkejì ti máa ń wà nínú ilé kí ilẹ̀kùn tó mọ̀ pé òun ti fọ́. Wọn kì í fẹnu kò lórí ohunkóhun, ì báà ṣe ọ̀nà tí wọ́n máa gbà tàbí ẹni tó máa jẹ ẹ̀pà tó kù nínú ike. Fòsókè àti Télọ̀ wá sọ ti àkọ́kọ́ ní Sùúrù, wọ́n sọ èkejì ní Wàhálà.

Kí ló dùn nínú ẹ̀? Ẹ bi Télọ̀, kẹ́ ẹ sì wá ibi jókòó sí. Nínú eré yẹn, mọ́tò á yí gbirigbiri lẹ́ẹ̀meje, fìlà ò ní ṣí lórí ẹni tó ń wà á. Wọ́n á yìnbọn nígbà ọgọ́rùn-ún, ìgò nìkan ló máa kú. Àwọn ọ̀daràn á sá gba inú ilé ìdáná, wọ́n á da ọbẹ̀ nù. Bí Sùúrù ṣe ń bẹ alásè, Wàhálà ti wà lórí òrùlé. Láàárín wákàtí kan péré, ayé á dàrú pátápátá, ayé á sì tún tò. Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì á jókòó síwájú mọ́tò tó ti fọ́, wọ́n á máa bú ara wọn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Fòsókè ní ìdí ẹ̀rín yẹn ni oògùn wà. Ó ní ẹni tó bá wò ó tí kò fò lórí àga, kí wọ́n yára fọwọ́ kan àyà rẹ̀ bóyá ó ṣì ń lù.

Fòsókè ló ni tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀dọ̀ Télọ̀ ni wáyà iná ti wá. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó lè dá wò nínú wọn. Wọ́n dá ihò sí ògiri, Télọ̀ á jókòó sẹ́yìn maṣíìnì rẹ̀, á máa gba ibẹ̀ wò. Wáyà náà ò sì lágbára: tí áyọ́ọ̀nù bá wà lórí iná, tẹlifíṣọ̀n á kú fin-ín. Tó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Fòsókè á yọ áyọ́ọ̀nù. Bó jẹ́ gómìnà ló ń dúró de aṣọ, kó lọ wọ èyí tó rún. Ìyàwó Fòsókè, tó máa ń ká aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, kò wo eré náà rí. Ó ní èyí tí àwọn méjì yìí ń ṣe níbi ihò ti tó òun wò.

Ìjà wọn ò ju ẹyọ kan lọ: ta ni Sùúrù? Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ Wàhálà. Télọ̀ ní òun tí òun ń wọn aṣọ lẹ́ẹ̀mẹta kóun tó gé e, ṣé ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa jẹ́ Wàhálà? Fòsókè ní òun ti bá Télọ̀ gbé nínú ògiri kan fún ọdún méjìdínlógún láìfi áyọ́ọ̀nù jó o. Kí ni wọ́n tún ń pè ní sùúrù? Ohun kan ṣoṣo tí Télọ̀ ń wá láyé ni kí ọkùnrin yìí gbà lẹ́ẹ̀kan péré. "Lọ́jọ́ tó o bá ti lẹ́nu ẹ sọ pé èmi ni Sùúrù," ló máa ń wí, "màá rán súùtù fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́."

"Má wulẹ̀ ra aṣọ," ni Fòsókè máa ń dá a lóhùn.

Ọjọ́bọ̀ kan ni ọlọ́pàá gidi, ọlọ́pàá ìjọba, wá gba aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Àṣìṣe tó ṣe ni pé aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló dé. Fòsókè ti yọ áyọ́ọ̀nù lóòótọ́, ṣùgbọ́n Wàhálà ti ń fò láti orí afárá sórí ọkọ̀ ojú omi, Fòsókè ò sì rántí pé orí ìdí ṣòkòtò ọlọ́pàá lòun gbé áyọ́ọ̀nù lé, tòun ti gbígbóná rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa gbóòórùn, ihò ti dé.

"Ta ló ṣe èyí?" ni ọlọ́pàá bi wọ́n.

"Ọ̀gá, ẹ jókòó," ni Fòsókè wí. "Ẹ̀rí la kọ́kọ́ ń wò." Ó yá téèpù Télọ̀, ó wọn ihò. Ó wọn abẹ́ áyọ́ọ̀nù. Ó mi orí. "Méjèèjì dọ́gba. Ọ̀gá, ọ̀daràn náà ò tíì kúrò nínú ilé yìí o!"

"Ẹ mú un," ni Télọ̀ ké látinú ihò ògiri. "Èmi lẹ́lẹ̀rìí!"

Ọlọ́pàá fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó jókòó. Télọ̀ bá a lẹ ṣòkòtò náà, èyí tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ títí dòní tó bá kẹ̀yìn síni. Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó padà wá láìní aṣọ kankan tó fẹ́ gbà. Fòsókè bi í pé, "Ọ̀gá, ṣẹ́ ẹ ti fò sórí mọ́tò rí?"

"Rárá o, bàbá. Fọ́ọ̀mù la máa ń kọ."

"Ẹ ò tíì lé ẹnikẹ́ni rí?"

"Mo lé ewúrẹ́ kan ní àgbàlá àgọ́ wa. Ọwọ́ mi ò tẹ̀ ẹ́."

Àánú rẹ̀ ṣe wọ́n débi pé wọ́n fi àga tó nírọ̀rí fún un.

Nígbà tí àìsàn gbé Fòsókè dé ilé ìwòsàn, kò sí tẹlifíṣọ̀n ní yàrá tí wọ́n fún un. Télọ̀ bá ń lọ bá a ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, láti ṣe eré àná fún un. Á fi bẹ́ẹ̀dì ṣe mọ́tò, á fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ìbọn. Nọ́ọ̀sì lé e jáde lẹ́ẹ̀mejì. Fòsókè á máa dá a dúró pé, "Ó tó! O ti mú ọ̀daràn kó tó jí nǹkan! Ẹni tó ń ròyìn báyìí lẹ̀ ń pè ní Sùúrù?" Lọ́jọ́ Ẹtì tó gbẹ̀yìn, Télọ̀ fà mọ́ ọn, ó ní, "Ọ̀rẹ́, lẹ́ẹ̀kan péré. Sọ ọ́."

Fòsókè kọjú sí ògiri. "Máa lọ sílé, Wàhálà."

Àwọn ará àdúgbò ní Ọjọ́bọ̀ ló kú, pé ó dúró kí eré parí ni. Irọ́ ni. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló kú, bí ọmọlúàbí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Télọ̀ fi jókòó ti maṣíìnì. Tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń gbọ́ ọ. Lówùúrọ̀ tí wọ́n fẹ́ sìnkú, ó gbé súùtù dúdú kan dé, ó gbé e fún ìyàwó Fòsókè. "Kì í ṣe pé ó gbà o, ìyàwó wa. Kò gbà. Mo kàn rán an ni."

Obìnrin náà tú u. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó gbójú sókè. "Ẹ̀gbọ́n, ó dára o. Ṣòkòtò rẹ̀ dà?"

Télọ̀ káwọ́ lérí. Ṣòkòtò wà lórí maṣíìnì. Télọ̀ tó ti ń fi ṣòkòtò yangàn láti ọjọ́ pípẹ́ wá!

Ọlọ́pàá wa wà níbẹ̀, nínú ṣòkòtò rẹ̀ tó lábùlẹ̀. Ó fa Télọ̀ lápá. "Bàbá, ẹ wọ mọ́tò!" Ọkùnrin tó jẹ́ pé fọ́ọ̀mù ló ń kọ tan fèrè mọ́tò ọlọ́pàá, ó ń ké wìì-wìì-wìì, ẹyẹ fò lórí wáyà, gbogbo èèyàn yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Gba ọ̀tún!" ni Télọ̀ ń pariwo. "Òsì ló yá!" ni ọlọ́pàá ń dáhùn. "Ta ló ń gbé àdúgbò yìí, èmi àbí ìwọ?" Télọ̀ ò dúró kí mọ́tò dúró tán. Bàbá ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin fo ògiri kúkurú iwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ó gbé ṣòkòtò, ó tún fò ó padà.

Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ ni ọlọ́pàá rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, nígbà tí mo lọ kí ọ̀rẹ́ yín nílé ìwòsàn, ó fi ọ̀rọ̀ rán mi sí yín. Ó ní n ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lójú ayé òun, kẹ́ ẹ má baà máa gbéra ga sóun. Ó ní ẹ̀yin ni Sùúrù. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ ṣòkòtò ọkọ ìyàwó."

Télọ̀ wo ṣòkòtò tó wà lórí itan rẹ̀. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo ara rẹ̀ fi ń mì, títí omijé fi dà sórí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. "Ẹ wo àgbà òpùrọ́," ló wí. "Ó dúró dọjọ́ tí mo gbàgbé ṣòkòtò kó tó gbà!"

Ìyàwó Fòsókè ló ń lọ aṣọ níbẹ̀ báyìí. Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, bí aago ṣe lu mẹ́rin, Télọ̀ tẹrí mọ́ maṣíìnì, kò fẹ́ wo ihò. Ó gbọ́ tí áyọ́ọ̀nù dákẹ́. Ó gbọ́ tí tẹlifíṣọ̀n ké. Ọlọ́pàá wọlé, ó kọ́kọ́ gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí aṣọ kó tó jókòó.

Obìnrin náà fa àga ọkọ rẹ̀ súnmọ́ ihò. "Ẹ̀gbọ́n, n ò mọ eré yìí o. Wọ́n ní ẹ pín in láàárín ara yín. Ta ni èmi?"

"Ìwọ ni Sùúrù," ni Télọ̀ wí. "Ìwọ lo bá a gbé."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

Lójú tẹlifíṣọ̀n, ọkùnrin kan ti dúró sí etí òrùlé, mọ́tò àwọn ọ̀daràn ń bọ̀ nísàlẹ̀. Télọ̀ ti dìde lórí àga rẹ̀, téèpù ń mì lọ́rùn rẹ̀.

"Èmi ni Wàhálà," ló wí. "Dákẹ́ ná, ó ti fẹ́ fò."