Aṣọ Ìkókó Inú Àpótí

Ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ ni mo bí ọmọ mi kẹta. Gbogbo Ṣómólú ló ń sọ̀rọ̀ ìjọba alágbádá nígbà náà. Wọ́n ní omi tuntun ti rú, ẹja tuntun ti wọ̀ ọ́. Èmi ò rí ẹja kankan. Yàrá kan àti pálọ̀ la ṣì ń gbé nítòsí Bajulaiye, iná mànàmáná ò dúró, ọkọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé sì ń wọlé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú tàdáwà lábẹ́ èékánná.

Àkókò ọlidé gígùn ni. Àwọn ọmọ méjì tí mo ti bí ṣáájú, obìnrin ọmọ ọdún méje àti ọkùnrin ọmọ ọdún márùn-ún, wà nílé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹni tó bá ní ọlidé dùn, kó wá jókòó sínú yàrá kan lásìkò òjò pẹ̀lú ọmọ méjì tí kò lè jáde ṣeré àti ìkókó tó ń ké. Àgbàrá ti gba gbogbo ojú ọ̀nà tó lọ sí Bàrígà, ó ń kó ìdọ̀tí kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa. Aṣọ tí mo bá sá láàárọ̀ á tún tutù síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Inú ń bí mi sí òjò, inú ń bí mi sí àwọn ọmọ, inú ń bí mi sí ìjọba tuntun náà pẹ̀lú.

Ìyá ọkọ mi ti Abẹ́òkúta wá láti wá bá wa wẹ ọmọ. Kí n má purọ́, mo fẹ́ràn obìnrin náà. Kì í ṣe irú ìyá ọkọ tó ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀ wò. Á jí ṣáájú gbogbo wa, á gbé omi kaná, á jókòó, á na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, á sì tẹ́ ọmọ lé wọn lórí. Àpótí onírin kan ló gbé wá. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni gbogbo aṣọ tí àwọn ọmọ méjì àkọ́kọ́ wọ̀ ní ìkókó: súwẹ́tà funfun tí a fọwọ́ hun, fìlà, ìbọ̀sẹ̀, nápíkìn, ṣọ́ọ̀lù. Nígbà tí wọn ò gba àwọn ọmọ náà mọ́ ló ti kó wọn lọ sílé, tó ń tọ́jú wọn.

Ó ní, "Mo ti mọ̀ pé ìkẹta ń bọ̀. Ìyàwó mi, wò ó bóyá kòkòrò jẹ ẹyọ kan níbẹ̀."

Kòkòrò kankan ò jẹ ẹ́. Káńfọ̀ ló fi sáàárín aṣọ kọ̀ọ̀kan, hóró funfun róbótó yẹn tí kò sí ilé tí wọn kì í fi í sínú àpótí aṣọ. Bó ṣe ṣí i, òórùn rẹ̀ gba yàrá kan. Ọmọbìnrin mi sín. Èmi fẹ́ràn òórùn náà, torí ó ń rán mi létí aṣọ ọdún. Ó yẹ ká kọ́kọ́ sá àwọn aṣọ náà kí òórùn yẹn lọ, ṣùgbọ́n níbo la ti fẹ́ rí oòrùn? Aṣọ tuntun tí mo rà sì wà lórí okùn, wọ́n ń kán omi tótó. Ìyá ọkọ mi ṣa àwọn hóró náà kúrò, ó gbọn àwọn aṣọ náà dáadáa, ó sì wọ̀ wọ́n fún ọmọ. Súwẹ́tà funfun yẹn la fi sọ ọmọ lórúkọ, ṣọ́ọ̀lù yẹn la sì ń fi wé e lójoojúmọ́.

Ọmọbìnrin mi ló kọ́kọ́ rí i. Ó gbé àbúrò rẹ̀ dúró lójú fèrèsé, ó ní, "Mọ́mì, ẹyinjú ọmọ ti pọ́n." Nínú òkùnkùn yàrá yẹn, àwa àgbà ò rí nǹkan kan. A wò ó: ojú rẹ̀ ti pọ́n, àyà rẹ̀ náà sì ti ń pọ́n.

"Ibà pọ́njú ni," ni ìyá ọkọ mi wí. "Ọmọ tuntun máa ń ṣe é. Bàbá wọn náà ṣe é."

Ó fún un ní omi ìbẹ́pẹ dúdú, ó fún un ní gúlúkóòsì. Láràárọ̀, ó ń gbé e jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí oòrùn. Oòrùn ò yọ. Lẹ́yìn náà ni ọmọ ò mú ọmú mọ́. Ẹkún rẹ̀ di tín-ín-rín, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń tẹ̀ kọdọrọ bí mo bá gbé e. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè pariwo. Mo kàn sọ fún ọkọ mi pé kó wọ bàtà.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n bo ọmọ lójú, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ iná aláwọ̀ aró, wọ́n ní àwọn máa pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan gba ṣọ́ọ̀lù lọ́wọ́ mi, ó gbé e sí imú.

"Ìyá ìkókó, ṣé káńfọ̀ lẹ fi sí aṣọ yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó mí kanlẹ̀. "Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò gba káńfọ̀. Bí wọ́n bá ń fà á símú, ńṣe ni ẹ̀jẹ̀ náà á máa bàjẹ́ nínú ara wọn. Ẹ ò lè mọ̀ pé tiyín wà lára wọn, àyàfi tó bá ṣẹlẹ̀."

Ká ní ìyá ọkọ mi wà níbẹ̀ ni, mi ò mọ ohun tí ǹ bá ṣe. Mo rò ó lọ́kàn bí mo ṣe máa gbé àpótí náà sọ sójú títì níṣojú rẹ̀, bí mo ṣe máa sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní gbàgbé. Mo sọ ohun tí mo gbọ́ fún ọkọ mi.

"Má sọ ọ́ fún Màámi," ló ní. "Ẹyin lohùn. Bó bá gbọ́, kò ní jẹun mọ́."

"Ọmọ tèmi náà ò jẹun," mo dá a lóhùn.

Nígbà tí mo délé lọ wẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu mi, ó ku kí n là á. Mo ṣílẹ̀kùn. Ìyá ọkọ mi ti tún gbogbo aṣọ inú àpótí náà fọ̀, ó ta okùn yí ká yàrá, ó sì gbé sítóòfù sábẹ́ wọn kí wọ́n lè yá gbẹ. Ó ní ọmọ ò gbọ́dọ̀ dé kó má rí aṣọ mímọ́ wọ̀. Ojú tirẹ̀ ti wú fún ẹkún. Àwọn ọmọ mi sùn lé e lẹ́sẹ̀.

"Ṣé ó ti ń mú ọmú?" ló bi mí.

Mo ní kò tíì mú un. Mo ká àwọn aṣọ náà sínú àpò pẹ̀lú omi lára wọn, mo ní ilé ìwòsàn ò gba aṣọ àlòkù, mo sì dà á nù lọ́nà. Inú mi ò rọ̀ rárá. Àárẹ̀ ló mú mi.

Ọmọ náà yè. Dókítà ní irú ibà yẹn lè ba etí ọmọ jẹ́, ká máa ṣọ́ etí rẹ̀. Ìyá ọkọ mi padà sí Abẹ́òkúta nígbà tí ilé ìwé wọlé, ó ń jó lọ, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èmi dúró nílé, mò ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn ọmọ mi, mò ń wò ó bóyá á yíjú.

Ó tún wá lásìkò ọdún Àjíǹde. Ọmọ ti ń jókòó fúnra rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Ìyá ọkọ mi dúró níbẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì ọmọ. Ó kì í títí, ọmọ ò yíjú. Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí ti gbàgbé mi."

"Kò gbàgbé yín, Màámi," mo ní. "Etí rẹ̀ ni kò gbọ́ràn."

Ó rọra jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Kí ló fà á?"

Ọkọ mi ń wo ilẹ̀. Láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn ni mo ti ń pọ́n èsì ìbéèrè yẹn bí ẹni pọ́n ọ̀bẹ, mo sì ti mọ ibi tí mo fẹ́ kó bà.

"Ibà yẹn ni," mo ní.

Ó mi orí. Ó rá lọ síwájú ọmọ, ó gbé e lé ẹsẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ oríkì náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi ń wo ẹnu rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.