Àlùbọ́sà Òyìnbó Tí Mo Fi Omi Pa

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín, wọ́n mú mi kúrò lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìjẹ̀bú wá sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní Agége. Ìyá Onílé ni gbogbo wa ń pè wọ́n, torí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ló gba yàrá kún ilé wọn. Ẹ má rò pé wọ́n fìyà jẹ mí o. Mo jẹun yó. Wọn ò kàn gbà kí n yọjú sí títì ni, torí tírélà tó ń kẹ́rù nílé-iṣẹ́ kì í wo ọmọ ẹnikẹ́ni. Àgádágodo wà lẹ́nu géètì, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn wọn. Wọ́n á mú mi lọ síléèwé, wọ́n á mú mi bọ̀, ó parí.

Ojoojúmọ́ ni mò ń bèèrè ìyá mi. Wọ́n á ní ó di ọdún. Ọdún á dé, wọ́n á ní ó di ọdún mìíràn.

Ayálégbé kan wà níbẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan tó ń ṣe gádínà fáwọn ọ̀gá ní Ìkẹjà. Lọ́jọ́ kan ó kó nǹkan roboto márùn-ún bọ̀, bí àlùbọ́sà gẹ́lẹ́. Ó ní òdòdó ni, pé àwọ̀ aró ló máa yọ. Ó gbin mẹ́rin sẹ́bàá ògiri, ó fi ìkarùn-ún há ẹ̀yìn tánkì omi, níbi tí ọwọ́ mi ò tó. Mo tún bèèrè ìyá mi lọ́jọ́ náà. Ìyá Onílé ò tiẹ̀ wojú mi. Wọ́n ní, “Tí àlùbọ́sà òyìnbó yẹn bá ti tanná, màá mú ẹ lọ bá ìyá ẹ. Dákẹ́ báyìí.”

Háà, mo dákẹ́ lóòótọ́. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé tí ewé wọn ń gbẹ, mo ń bomi sí wọn láàárọ̀, mo ń bù ú nírọ̀lẹ́. Ohun tó bá gbẹ, omi là ń bu sí i, àbí? Ìgbà tí ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn ni gádínà hú wọn. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti rà. Ó ní, “Ta ló ń bomi rin nǹkan yìí? Inú ara rẹ̀ ló ń tọ́jú omi sí. Ó ń sinmi ni, ẹ wá rì í sómi.” Mo bú sẹ́kún. Mi ò lè sọ fún un pé ọ̀nà ilé ìyá mi ni mò ń bomi rin.

Kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, ìkan tó wà lẹ́yìn tánkì tanná. Òdòdó wẹ́wẹ́ aláwọ̀ aró bo igi rẹ̀. Mo di aṣọ mi méjèèjì, mo kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Onílé, mo ní, “Màmá, ó ti tanná.” Wọ́n wò ó, wọ́n ní ó mà dáa, wọ́n pe àwọn ayálégbé wá wò ó. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó rí ẹrù lọ́wọ́ mi. “Níbo lò ń lọ?” Mo wojú wọn. Wọn ò díbọ́n, wọ́n ti gbàgbé pátápátá ni. Ó dùn mí ju kí wọ́n nà mí lọ. Mo ní mo fẹ́ lọ fọ àwọn aṣọ náà ni. Ọdún méjì gbáko ló tún gbà kí n tó fojú kan ìyá mi.

Lóde òní, ọmọ-ọmọ mi á tẹ fóònù, á rí ojú ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi ní Opebi lèmi náà ń gbé báyìí, mọ́gàdì ló ń ṣọ́ géètì. Ọmọ mi ń tọ́jú mi dáadáa. Ó ní tí iṣẹ́ bá dínkù, òun á gbé mi lọ kí ilé ní Ìjẹ̀bú. Ó ti pẹ́ tó ti sọ ọ́. Mi ò bínú sí i, torí ó dá mi lójú pé èmi náà ti sọ irú ẹ̀ fún un rí nígbà tó wà lọ́mọdé. Mo ti ronú títí, mi ò rántí ohun tí mo ní màá ṣe fún un.