Ẹní Tí A Fi Bo Àpótí Ẹja

Bí ẹní bá rin gbingbin, tí oòrùn Maiduguri sì ń pa á, òórùn kan a máa jáde lára rẹ̀ tí mi ò tíì gbọ́ níbòmíràn rí. Ó jọ koríko tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ó jọ eruku, ó sì tún jọ yàrá tí ènìyàn ti sùn pẹ́ nínú rẹ̀. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń fi imú rántí nǹkan. Ìyàwó mi tilẹ̀ máa ń sọ pé imú mi ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀wà tó jinná àti èyí tó jóná. Ṣùgbọ́n bí òórùn ẹní tútù bá ti kàn mí báyìí, ẹ̀yìn ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù ni mo máa ń bá ara mi, mo lóṣòó, ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí àpótí dígí ńlá kan, àwọn ènìyàn tí mi ò mọ̀ rí sì ń bọ́ bàtà lẹ́bàá ọ̀nà nítorí wa.

Ọ̀rẹ́ mi ló ni àpótí náà. Ọmọ Ìwó ni, Mùsùlùmí tó mọ ẹ̀sìn rẹ̀, ìmọ̀ nípa ẹja ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì. Èmi jẹ́ ọmọ Iléṣà, mo jẹ́ díákónì, ìtàn ni mò ń kọ́ wọn ní tèmi. Ìwọ tí o ti gbé Òkè Ọya rí mọ̀ bó ṣe ń rí: nílé, ará Ìwó àti ará Iléṣà lè kọjá lára ara wọn láìkí ara wọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pàdé ní Maiduguri, ọmọ ìyá ni wọ́n. Inú ọ́fíìsì rẹ̀ ni àpótí yìí wà. Ó gùn tó ènìyàn tó sùn gbalaja. Epìyà àti àrọ̀ ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú òjìjí kan tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki ọwọ́ bọ omi, láti adágún Chad ni ó sì ti kó gbogbo wọn wá. Lọ́sàn-án, á tẹ́ ẹní síwájú wọn, á kírun, á sì rẹjú díẹ̀ lórí ẹní kan náà. Mo bi í lọ́jọ́ kan bóyá ẹja ló fẹ́ kọ́ ní kéwú. Ó ní, "Ṣé o ò rí i pé ẹnu wọn kì í dákẹ́ àdúrà ni? Ìwọ díákónì yìí ni mò ń bẹ̀rù fún."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó wa ọkọ̀ lọ sí ọ̀nà adágún láti bu omi wá fún àyẹ̀wò, kò sì padà wálé mọ́. Ọkọ̀ náà ni àwọn ṣọ́jà rí lẹ́bàá ọ̀nà, gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ènìyàn. Àwọn ìgò omi tó bù wà lẹ́yìn ọkọ̀ níbi tó tò wọ́n sí, kò sí ọ̀kan tó fọ́ nínú wọn. Títí dòní, àwọn ìgò yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bí wọ́n bá ti fọ́ ni, ǹ bá ní nǹkan tí mo lè rò.

Ó lé ní ọdún kan tí a fi wà báyẹn. Ìyàwó rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní olóògbé létí òun. Àlùfáà àwa Yorùbá tó wà ní yunifásítì lọ bá a pé kí àwọn kírun sí ọ̀rẹ́ mi lára bí wọ́n ṣe máa ń kí i fún ẹni tí òkú rẹ̀ kò sí nítòsí. Ó dáhùn pé, "Ta lẹ fẹ́ kírun sí lára, Alfa? Ẹ gbé e wá kí n rí i." Àlùfáà padà lọ. Ìyá ọ̀rẹ́ mi wà ní Ìwó pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Arúgbó náà ń sunkún lórí fóònù pé kí wọ́n jọ̀wọ́ kírun sí ọmọ òun lára kí òun náà tó lọ, kò yẹ kí ọmọ Mùsùlùmí máa rìn káàkiri láàárín ayé àti ọ̀run bí ẹni tí kò ní ẹbí. Ìyàwó á ní, "Màmá, ó ń bọ̀." Kò lọ sí Ìwó, kò sì ṣọ̀fọ̀. Èmi ni àwọn méjèèjì ń rán sí ara wọn, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mí dé egungun, nítorí mi ò mọ èyí tí ǹ bá gbè lẹ́yìn nínú wọn.

Nígbà tó yá, wọ́n fẹ́ lo ọ́fíìsì náà. Ìyàwó ní kò burú, àpótí ẹja á bá òun lọ sílé ní Lamisula, tòun tomi inú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ méjì láti ẹ̀ka wọn ní kí a gbọ́n gbogbo omi dànù, dígí kì í bá omi rìnrìn àjò. Ó ní, "Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi bu omi yẹn. Ẹ má dà á nù." A fi ẹnu kò sí pé kí a gbọ́n èyí tó pọ̀ jù sínú kẹ́ẹ̀gì, kí a fi ìwọ̀nba tí ẹja á fi mí sílẹ̀ nínú àpótí. Èmi ọ̀gbẹ́ni tí mo mọ gbogbo nǹkan ní kí n rọra ti òjìjí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹja náà gbọ̀n mí débi pé mo pe orúkọ Jésù bí ìgbà tí a wà ní ìsọjí. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti lọ.

A gbé àpótí náà sórí fóòmù lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn sì ń ta. Ìyàwó rẹ aṣọ funfun kan sínú omi, ó fi bò ó, ó wá lọ ká ẹní ọkọ rẹ̀ nílẹ̀ ọ́fíìsì, ó nà án lé e, ó sì da omi sí i. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ kó bò wọ́n dáadáa, oòrùn á sè wọ́n." Ó jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Àwa ọkùnrin mẹ́ta lóṣòó yí àpótí ká lẹ́yìn, a gbé ọwọ́ lé e kó má baà mì. Dírẹ́bà, ọmọ Kanuri kan tí kò lọ́rọ̀ lẹ́nu, tan iná méjèèjì tó ń ṣẹ́jú, ó sì ń wa ọkọ̀ náà bí ẹni tó gbé ẹyin.

Ní ẹnu ọ̀nà yunifásítì, ṣọ́jà kan ká etí ẹní sókè, ó wo inú, ó rẹ́rìn-ín. "Oga, na pepper soup una carry so?" Ó ní ká máa lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tún ká ẹní náà wò títí a fi dé.

Ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Custom ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kẹ̀kẹ́ NAPEP tí kì í yà fún ọba rọra yà fún wa. Ọkùnrin kan tó ń ta fóònù dìde lórí àga rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé orúkọ yunifásítì tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún, mo sì gbé àyà sókè díẹ̀. Ìgbà tí ẹnì kan bọ́ bàtà, tó na ọwọ́ méjèèjì síta, tí ètè rẹ̀ ń jà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ni ojú mi là. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí àdúgbò Gamboru ní Maiduguri níbẹ̀, Hausa rẹ̀ já gaara ju Yorùbá rẹ̀ lọ. Ó tẹ̀ sí mi, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, gawa ni wọ́n rò pé a gbé o. Òkú."

Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀? Nílé wa lọ́hùn-ún, òkú kì í rìn jẹ́jẹ́. Inú pósí ni ó máa ń wà, nínú ọkọ̀ tó ń han gooro, tí gbogbo ìlú á gbọ́. Níhìn-ín, aṣọ funfun, ẹní, àwọn ọkùnrin tó lóṣòó tì í tí wọ́n gbé ọwọ́ lé e, àti ọkọ̀ tó ń rọra lọ: ìyẹn ni òkú. Gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe sí òkú pátá la ti ṣe sí ẹja.

Ó ṣe mí bíi kí n pariwo pé ẹja ni, ẹja ni. Ṣùgbọ́n ẹnu wo ni ènìyàn á fi sọ ọ́ fún ẹni tó ti bọ́ bàtà? A ò sì lè sáré nítorí dígí. Nígbà tí a fi dé Gamboru, wọ́n ti ń tẹ̀ lé wa. Ẹni tó wà lórí alùpùpù dẹ eré rẹ̀, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn bá wa rìn díẹ̀ nítorí láádá tó wà nínú rẹ̀, ó dúró, ẹlòmíràn gbà á. Ọkùnrin kan sún mọ́ etí mi, ó ní, "Allah ya jikansa," pé kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Mo ní, "Àmín." Kí ni ǹ bá sọ? Ìgbà náà gan-an ni nǹkan kan lu dígí lábẹ́ ọwọ́ mi, kó, kó, láti inú. Mo mọ̀ pé ẹja ni. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Síbẹ̀ mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì, nítorí gbogbo ìgboro ló gbà pé ọ̀rẹ́ mi ló wà lábẹ́ ẹní rẹ̀, ó sì ń ṣe mí bíi pé èmi nìkan ni mò ń jiyàn. Mo wo iwájú láti ojú fèrèsé ẹ̀yìn. Ìyàwó kò yíjú padà, kódà lẹ́ẹ̀kan. Ìborùn rẹ̀ nìkan ni mò ń rí.

Nígbà tí ọkọ̀ dúró lẹ́nu géètì ní Lamisula, àwọn bíi mélòó kan ṣì wà lẹ́yìn wa. Bàbá arúgbó kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, ó lọ sí ojú fèrèsé iwájú, ó kí ìyàwó, ó sì bi í jẹ́jẹ́ pé, "Wa ya rasu?" Ta ló kú? Dírẹ́bà ti fẹ́ la ẹnu, obìnrin náà gbé ọwọ́ sókè sí i. Ó ní, "Mijina ne." Ọkọ mi ni. Ọ̀rọ̀ tí kò lè jáde lẹ́nu rẹ̀ ní èdè Yorùbá fún gbogbo àkókò yẹn, ó sọ ọ́ ní Hausa fún ẹni tí kò mọ̀ rí.

Dírẹ́bà sọ orí kọ́. "Baba, babu gawa. Kifi ne." Kò sí òkú níbẹ̀, ẹja ni. Bàbá náà rìn wá sí ẹ̀yìn, ó ká etí ẹní, ó wo àwọn ẹja fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé á bú wa, ó sì tọ́ sí wa. Àmọ́ ó da ẹní padà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tò ó gún régé, ó padà sí ọ̀dọ̀ obìnrin náà, ó bi í níbi tí òkú wà. Obìnrin náà ní wọn kò rí i. Bàbá béèrè orúkọ ọkọ rẹ̀. Ó sọ orúkọ rẹ̀, ó sọ ti bàbá rẹ̀, ó ní ọmọ Ìwó ni. Arúgbó náà gbìyànjú láti pe Ìwó, kò pè é dáadáa. Ó wá bi í bóyá ẹnikẹ́ni ti kírun sí i lára. Obìnrin náà mi orí, pé rárá.

Bàbá ní kí dírẹ́bà sún ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó má jẹ́ ẹja ni àwọn ń kírun sí. Lẹ́yìn náà, wọ́n tò sórí iyanrìn níwájú ilé, wọ́n kọjú sí ìlà oòrùn, àwọn tí kò mọ ọ̀rẹ́ mi rí, dírẹ́bà, àti àwọn òṣìṣẹ́ méjèèjì. Èmi nìkan ló kù lẹ́yìn ọkọ̀, ọwọ́ mi lórí àpótí, mo di ojú, mo ń gba àdúrà tèmi. Wọn kò tẹ̀ ba, wọn kò forí kanlẹ̀, òòró ni wọ́n ń kí ìrun òkú. Mo ti lọ ìsìnkú tí wọ́n pa màlúù, tí wọ́n jó di ọjọ́ kejì. Èyí kò tó àkókò tí ènìyàn fi ń mu ife tíì kan. Nígbà tí wọ́n parí, oníkẹ̀kẹ́ kan sáré padà síbi kẹ̀kẹ́ rẹ̀, obìnrin tó gbé ṣì jókòó nínú rẹ̀, ó ń dúró dè é, kò sì bínú.

Nínú ọkọ̀ níbẹ̀ ni ìyàwó ti pe Ìwó. "Màmá, wọ́n ti kírun sí i lára." Ibi tí mo wà ni mo ti gbọ́ ẹkún arúgbó náà nínú fóònù. Òun náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, a sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n sun ún tẹ́rùn.

Mi ò tíì bi í di òní bóyá ó mọ ohun tó ń ṣe nígbà tó na ẹní yẹn. Ó ti gbé Maiduguri pẹ́ jù mí lọ, Mùsùlùmí sì ni. Lọ́jọ́ kan màá ní ó mọ̀, lọ́jọ́ kejì màá ní kò mọ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n béèrè ẹ̀rí kí n tó gba nǹkan gbọ́. Àwọn ará Custom àti Gamboru kọ́kọ́ bọ́ bàtà ná, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó béèrè ẹni tó jẹ́. Bí ọkọ̀ bá ń rọra kọjá báyìí tí wọ́n fi ẹní bo nǹkan lẹ́yìn rẹ̀, mo máa ń dúró. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àga ni, tàbí ẹja.

A gbé àpótí náà wọlé láìfọ́. A da omi kẹ́ẹ̀gì padà sínú rẹ̀, a sì kí ìyàwó pé ó dìgbà. Láti ìgbà tí ọ̀rẹ́ mi ti lọ ni obìnrin yìí kì í ti ilẹ̀kùn ilé, ní Maiduguri tí gbogbo wa mọ̀ yìí, nítorí ọkọ rẹ̀ kò mú kọ́kọ́rọ́ dání nígbà tó jáde. A bẹ̀ ẹ́ títí, ẹ̀rù ń bà wá fún un, kò gbọ́. Bí mo ṣe ń gun ọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo gbọ́ tí ó yí kọ́kọ́rọ́ láti inú, lẹ́ẹ̀kan, ó tún yí i lẹ́ẹ̀kejì. Mo gbé ojú mi pamọ́ fún dírẹ́bà. Mi ò mọ̀ títí di ìgbà náà pé èmi pẹ̀lú ti gbẹ́kẹ̀ lé ilẹ̀kùn yẹn.