Ìyàwó Tó Já Eégbọn Lára Ajá Wa

Lánàá, ọmọ-ọmọ mi po oògùn kan mọ́ omi, ó fi wẹ ajá rẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa ní Igbó-Ọrà níbí. Òórùn oògùn náà gba gbogbo ilé. Kí n tó mọ̀, ọkàn mi ti lọ sí agbo ilé wa l'Ẹ́rúwà, ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òórùn àdín gba ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, eégbọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré láyé ijọ́un. Ilé alámọ̀ nilé wa, ògiri rẹ̀ sì ti sán káàkiri. Bí eégbọn bá mu ẹ̀jẹ̀ ajá yó tán, á wú bí ẹ̀wà tó rẹ sómi, á já bọ́, á wọ inú ògiri lọ bímọ. Lọ́dún yẹn, wọ́n dé orí ẹní tí à ń sùn. Ìyá àgbà bá ní kí ọdẹ kan láti Igangan wá mú Sùúrù, ajá wa, lọ. Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Àbúrò bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyàwó láti Ìdèrè ni. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé lórúkọ. Tiwa mú un dé orí ajá: "Bùọ̀dá" ló ń pe Sùúrù, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù ajá ń bà á bí nǹkan míì. A fi í rẹ́rìn-ín títí ó fi sú wa. Nígbà tí eégbọn so mọ́ òun náà lábíyá, a ní inú rẹ̀ ló máa dùn jù tí ajá bá lọ.

Àfi bó ṣe gbé àpótí síta láàárọ̀ ọjọ́ tí ọdẹ ń bọ̀, pẹ̀lú àdín àti agolo kẹrosíìnì. Ó ń fi àdín ra ìdí eégbọn títí wọ́n á fi dẹ̀, á já wọn, á jù wọ́n sínú agolo. Bí Sùúrù bá mira, á sún sẹ́yìn, á tún padà síbẹ̀.

"Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀. Ó ku ti inú etí."

Ìyá àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Eégbọn so mọ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ nímú, ẹ wá wo adìẹ tó ń já a," ló wí, ẹ̀rín sì gbé e lọ. Nígbà tí ọdẹ fi máa dé, ìyàwó ti ń fi amọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù dí ojú ògiri. Ìyá àgbà fún ọdẹ lẹ́kọ jẹ, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ.

Ilé ti di ti sìmẹ́ǹtì báyìí, oògùn sì ń ṣe iṣẹ́ odidi àárọ̀ níṣẹ́jú díẹ̀. Ìyàwó òde òní náà ń pe gbogbo wa lórúkọ, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dàgbà, mo bi ìyàwó Ìdèrè yẹn pé kí ló fún un láyà lọ́jọ́ náà.

"Ọkọ mi," ó ní, "ẹni tí mo bá nílé ni wọ́n fẹ́ lé yẹn. Tí wọ́n bá lè lé e, èmi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Láti ìgbà náà, bí ìyàwó tuntun bá wọlé wa, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé àga fún un.