Ẹyinjú Oyin Bàbá Ògúnbíyìí

Ohun tí gbogbo Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ fi ń rántí Bàbá Ògúnbíyìí ni ọjọ́ tí òyìnbó kan wá wo ojú rẹ̀. Lọ́dún 1952 ni. Bàbá jókòó níwájú ìsọ̀ rẹ̀, ó ń fín igbá, òyìnbó náà sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn bí ẹni ń wo ìsàlẹ̀ kànga. Ẹyinjú Bàbá kò dúdú bíi ti ẹlòmíì. Ó pọ́n, ó sì mọ́ gaara bí oyin. Òyìnbó ní kí Josiah, ògbufọ̀ rẹ̀, béèrè ibi tí Bàbá ti rí irú ẹyinjú bẹ́ẹ̀.

Bàbá gbójú sókè. Ó rí i pé ti òyìnbó náà fúnra rẹ̀ dà bí aró tó ti ṣá.

“Josiah, bi í kó sọ ibi tóun náà ti rí tirẹ̀. Bó bá ti sọ, màá mọ̀ bóyá ọmọ ìyá ni wá.”

Òyìnbó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó sì ra igbá mẹ́ta.

Àjíkẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá bí, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òun náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn ún díẹ̀ pé Bàbá kò dáhùn. Àtikékeré ló ti ń béèrè ọ̀rọ̀ yìí, Bàbá kò sì dáhùn rẹ̀ bákan náà lẹ́ẹ̀mejì rí. Fún àwọn alágbẹ̀dẹ, ó ní iná ẹwìrì ni bàbá òun tẹjú mọ́ jù. Fún àwọn àáfáà, ó ní omi samusamu ni bàbá bàbá òun fi bọ́jú ní Mẹ́kà. Fún Àjíkẹ́, ó ní oyin ni ìyá òun ń lá ṣáá nígbà tó lóyún òun. Ìtàn tó bá bá èèyàn lára mu ni yóò sọ fún un.

Ṣáájú kí òyìnbó yìí tó dé, Mátíù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ja ogun Bọ́mà, ti dá kún un. Ó ní láàárín àwọn ọmọ ogun Jàpáàn tí àwọn mú nígbèkùn lọ́hùn-ún, ará Kòríà kan wà tí irun rẹ̀ dúdú kirikiri, tí ẹyinjú rẹ̀ sì dà bíi ti Ògúnbíyìí gẹ́lẹ́. Wọ́n bi í léèrè. Ó ní àwọn kan nílùú òun gbà pé àwọn oníṣòwò ẹlẹ́ṣin láti ọ̀nà jíjìn ló gbé e wá, àwọn kan ní bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó mọ̀.

“Ẹ gbọ́ nǹkan!” ni Bàbá wí. “Mo ní ẹbí ní Kòríà!”

Nígbà tí ogun wá bẹ́ sílẹ̀ ní Kòríà, òwúrọ̀ òwúrọ̀ ló ń lọ bá àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn, ó ń bi wọ́n bóyá àlàáfíà làwọn ẹbí òun wà.

Ìtàn yìí kò pa ẹnikẹ́ni lára títí Àjíkẹ́ fi rí ọkọ. Mùílì ni orúkọ ọkọ náà, télọ̀ ni ní Takie, l'Ógbómọ̀ṣọ́. Lọ́jọ́ ìdána, Safurat, ìyá Mùílì, kò lè mójú kúrò lójú Bàbá.

“Bàbá Àjíkẹ́, ẹ má bínú o. Ṣé bí wọ́n ṣe bí yín nìyí?”

Bàbá rí i pé àyà ń já obìnrin náà. “Rárá o! Mànàmáná ni. Ọmọ ọdún méje ni mí ní Ìkòyí-Ilé. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń sá, èmi la ojú sílẹ̀, mo wò ó kòrókòró. Ló bá bó dúdú ibẹ̀ dànù.”

Inú Safurat dùn. Ó padà sí Takie, ó ń ròyìn kiri pé akọni ni àna òun.

Lọ́dún 1956, Àjíkẹ́ bí Marufat. Nígbà tí ọmọ náà pé oṣù márùn-ún, Safurat gbé e jáde sínú oòrùn àárọ̀, ó sì rí oyin méjì tó ń wo òun.

“Àjíkẹ́.” Kò pariwo rárá. “Mànàmáná kì í wọ inú oyún. Ta ló bí ọmọ yìí?”

“Màmá, ojú bàbá mi ni!”

“Bàbá rẹ fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé wọn ò bí i mọ́ òun. Gbé ọmọ rẹ, kó o máa lọ sí Ọ̀yọ́. Ọjọ́ tó o bá rántí bàbá rẹ̀, kó o padà.”

Mùílì dúró nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Kò lè wo ìyàwó, kò lè wo ìyá.

Nígbà tí Àjíkẹ́ délé tó rojọ́ tán, Bàbá rọra gbé igbá ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, òun àti ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọ ọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, ẹ̀rù ìyẹn gan-an sì ba Àjíkẹ́.

Bí wọ́n ti dé Takie, Bàbá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Safurat, ohun tí bàbá ìyàwó kì í ṣe.

“Haà! Ẹ dìde o, ẹ má dójú tì mí!”

“Ìyá Mùílì, irọ́ ni mo pa fún yín. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyí, bí wọ́n sì ṣe bí ìyá mi nìyẹn. Ojú yìí ni wọ́n torí ẹ̀ lé e kúrò nílé ọkọ ní Ìkòyí-Ilé, tòun tèmi lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tó ti rí i, mi ò mọ̀. Òun náà kò mọ̀. Láti kékeré, báwọn ẹgbẹ́ mi bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo máa ń yára bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ẹni tó ń gbọ́ ìtàn kì í rántí bú èèyàn.”

Àjíkẹ́ kò gbọ́ èyí rí.

“Ìtàn tó ti ẹnu yín jáde pọ̀, Bàbá Àjíkẹ́,” ni Safurat wí. “Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé òótọ́ nìyí?”

“Èyí nìkan ni kò dùn.”

Safurat wá tú Marufat kúrò lẹ́yìn Àjíkẹ́, ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn ara rẹ̀, ó sì ní kí Mùílì lọ ra ẹran, pé àwọn àna dé. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ó fà mọ́ Bàbá.

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún sọ ti mànàmáná yẹn fún mi.”

Bàbá sọ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí mànàmáná di méjì.

Lọ́dún 1959, Bàbá sùn, kò jí. Gbogbo Akẹ̀sán sọ ìtàn rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí omi náà di ẹkún. Fọ́tò rẹ̀ kan ṣoṣo ló kù, Àjíkẹ́ sì gbé e kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀. Àmọ́ fọ́tò ayé ìgbà náà kò ní àwọ̀. Ojú Bàbá dà bí eérú lásán nínú rẹ̀. Àárò rẹ̀ ń sọ Àjíkẹ́ lójoojúmọ́.

“Màmá,” ni Marufat bi í láàárọ̀ ọjọ́ kan, “báwo ni ojú Bàbá àgbà ṣe rí?”

Àjíkẹ́ gbé ọmọ náà lọ síwájú dígí tí àwọn oníbàárà fi ń wo aṣọ lára.

“Òun nìyẹn. Kí i.”

Marufat tẹjú mọ́ dígí náà.

“Ẹ káàárọ̀, Bàbá àgbà.”